Ihò Mẹ́rin Lára Bẹ́líìtì

Ihò mẹ́rin ni Nodári fi ìṣó lu
sára bẹ́líìtì rẹ̀ láàárín ìkórè àjàrà àti yìnyín.
Mo kà wọ́n lóru ọjọ́ kan nígbà tó sùn,
mo fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ojú ọgbẹ́.

Òun ni baba tábìlì ní àdúgbò wa ní Kutaísì.
Òun ló ń gbé ife dìde, tó ń súre fún òkú, fún alààyè,
fún ọmọ tí ò tíì dé.
Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ife nìkan ló ń gbé.
Ẹran wà níwájú rẹ̀,
ó ń wò ó bí ẹni ń wo ajá àjèjì.

Mo kọ́kọ́ bínú. Kí n má purọ́.
Mo ní bóyá ọbẹ̀ àsálà mi ló sú u lẹ́yìn ogójì ọdún;
mo fi ata kún un, mo dín iyọ̀ kù,
mo lọ ra wàràkàṣì àwọn ará òkè.
Mo tilẹ̀ fura sí obìnrin mìíràn,
arúgbó tó lé ní àádọ́rin! Mo gbóòórùn kóòtù rẹ̀:
sìgá nìkan ni mo gbọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn oúnjẹ,
ohun kan á di ìdodo rẹ̀ mú,
á máa lọ́ ọ bí aṣọ tí à ń fún omi ara rẹ̀.
Á ká kò sórí àga fún wákàtí kan, méjì.
Ó wá kọ́ ohun tí ẹranko máa ń kọ́:
ibi tí wọ́n ti nà mí, n ò padà síbẹ̀ mọ́.
Ebi ń pa á, ẹ̀rù àwo ń bà á.
Ọ̀nà ọ̀fun ń fẹ́ di ọ̀nà ọ̀run.

Dókítà àkọ́kọ́ ní ọgbẹ́ inú ni.
Èkejì ní àròjù ni.
Ní Tibilísì, Dókítà Etéri, ọlọ́wọ́ tútù, kò kánjú.
“Sìgá mélòó lóòjọ́?”
“Mélòó kan,” ni ọkọ mi wí.
“Ogójì, Dókítà,” ni èmi wí.

Wọ́n fi aró sínú iṣan rẹ̀, wọ́n tì í gba òrùka ẹ̀rọ kọjá.
Obìnrin náà gbé àwòrán sójú iná, ó bi í léèrè iṣẹ́ tó ṣe.
“Ojú omi ọgbà àjàrà ni mò ń tọ́jú.”
“Bí erùpẹ̀ bá dí i ńkọ́?”
“Àjàrà ò ní kú lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀, wàá ní kò sóhun tó ṣe é.
Ọ̀sán gangan ni ewé á tó rọ.”
“Ìfun rẹ nìyẹn. Oúnjẹ ni ọ̀sán gangan rẹ̀.
Bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, á ké sí ẹ̀jẹ̀,
ẹ̀jẹ̀ ò sì ráyè kọjá.”

Nodári dákẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́,
ẹnìkan bá a sọ èdè tó gbọ́.

Ó wá yíjú sí mi:
“Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá lọ bọ́ sí ihò tín-ín-rín tó kù yìí,
a ò ní ọjọ́, wákàtí la ní.
Ìrora tó bá dé lójijì tí ò lọ,
ẹ má fi tíì lé e, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.”

Abẹ́ itan ni wọ́n gbà wọlé pẹ̀lú wáyà,
wọ́n fi agbọ̀n irin kékeré ti ògiri iṣan náà sẹ́yìn.
Oògùn wá di ti ojoojúmọ́: ọ̀kan kí ẹ̀jẹ̀ má dì,
ọ̀kan fún ọ̀rá. Oúnjẹ díẹ̀ díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà.
Sìgá tó fi pamọ́ sínú agolo ìṣó, mo dà á sódò.
A ò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá ó jẹ ìlàjì búrẹ́dì oníwàrà,
ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ó ń wo aago ara ògiri.
Èmi náà ń wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ogún. Ọgbọ̀n.
Ológbò fò kúrò lójú fèrèsé, a jọ ta gìrì.
“Tsiála,” ló wí, “àsálà yẹn, ṣé ó ṣẹ́ kù?”

Ihò kẹta ló fi bẹ́líìtì há lónìí.
N kò sọ nǹkan kan. Mo ṣì ń kà.